Sikọ́láṣíìpù fún Ẹnjiníà, Òfo fún Onímọ̀ Àwùjọ

Lọ́dọọdún ni àwọn àjọ ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní ilẹ̀ Nàìjíríà ń kéde owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí sikọ́láṣíìpù. Ìkéde náà a máa dùn mọ́ etí. Wọn a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó já fáfá, tí òbí rẹ̀ kò sì ní lọ́wọ́, wá gba ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé má ṣe dúró sí ìlà kejì. Kí ó kà á dé ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti rí i, lọ́pọ̀ ìgbà, pé ọmọ tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìmọ̀ ìṣègùn, kọ̀ǹpútà tàbí sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń bá wí. Ọmọ tí ó ń kọ́ nípa ètò ọrọ̀-ajé, ìmọ̀ ìṣèlú, ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, ìhùwàsí ẹ̀dá tàbí jọ́gíráfì kò sí nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya òpè. Kì í ṣe pé bàbá rẹ̀ kọ́ ilé sí Ìkòyí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ènìyàn ni ó yàn láti kọ́ nípa rẹ̀, kò yan irin.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní àsọdùn. Òfin tí ó dá àjọ PTDF sílẹ̀ ní ọdún 1973 kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ìṣàkóso nínú iṣẹ́ epo rọ̀bì ni a ó máa fi owó àjọ náà kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ètò tí MTN Foundation ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, orúkọ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni a fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tọ́ kí a sọ òdodo: àjọ kan náà ní ètò mìíràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, èyí tí kò béèrè irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́. Ìyẹn dára, ó sì yẹ kí a gbóríyìn fún un. Ó sì fi hàn pé nígbà tí ó bá wu olówó, ó lè ṣí ilẹ̀kùn láì wo irú ẹ̀kọ́ tí ẹni tí ó kàn án ń kọ́.

Nígbà tí a bá bi àwọn olùfúnni wọ̀nyí léèrè, ìlànà ìjọba ni wọ́n sábà máa ń fara tì. Òótọ́ ni pé Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ní kí 60 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì bá gbà jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì, kí 40 jẹ́ ti àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yòókù. Ní àwọn yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, 80 sí 20 ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ 40 di òdo? Ìjọba kò sọ ọ́. Ìlànà tí wọ́n ń fi ṣe àwíjàre gan-an ni ó dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ lé e yóò fi ogójì kọ́bọ̀ nínú náírà kan ṣe ti àwọn yòókù. Wọ́n mú ìdajì òfin tí ó bá wọn lára mu, wọ́n sì sọ ìdajì kejì nù sí ẹ̀yìnkùlé.

Àwíjàre tí wọ́n tún máa ń gbé kalẹ̀ ni pé epo, iná mànàmáná, afárá àti ilé ìwòsàn ni orílẹ̀-èdè nílò, kì í ṣe àwọn tí yóò máa sọ̀rọ̀ nípa àwùjọ. Ó yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n lójú ẹni tí kò bá fi ojú inú wò ó. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí epo rọ̀bì fúnra rẹ̀. Kò sí ìgbà kan tí Nàìjíríà ṣe aláìní ẹni tí yóò gbẹ́ kànga epo ní agbègbè Niger Delta. Ohun tí ó dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀, tí ó mú kí wọ́n máa fọ́ ọ̀pá epo, tí ó mú kí wọ́n máa jí òṣìṣẹ́ gbé, kì í ṣe àìsí ẹnjiníà. Ọ̀ràn ilẹ̀ ni, ọ̀ràn odò tí epo bàjẹ́, ọ̀ràn owó tí ó wọlé tí kò dé ọwọ́ onílé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995 ni ìjọba ológun yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn. Ó di ọdún 2009 kí ìjọba tó kéde ìdáríjì fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbé ìbọn ní agbègbè náà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mélòó nínú owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ó ti inú epo jáde ni a fi kọ́ ọmọ tí yóò lọ jókòó ní abúlé apẹja, tí yóò gbọ́ èdè wọn, tí yóò sì mọ ohun tí ó ń bí wọn nínú kí ó tó di ìjà? Olówó epo ra ọ̀pá irin, kò ra òye.

Kí a tún wo ti ìṣègùn. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya, Kano sì jẹ́ olórí wọn, dá àjẹsára àrùn rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀ dúró. Àjẹsára wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà nílẹ̀. Àpótí oníyìnyín tí wọ́n ń gbé e sí wà nílẹ̀. Ohun tí kò sí nílẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Àwọn òbí kò gbàgbé pé ní ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé ní Kano nígbà tí àrùn yírùnyírùn gbòde, tí ọ̀ràn náà sì di ẹjọ́. Ẹni tí ó bá ti kọ́ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kò ní pe irú òbí bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀. Yóò béèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ó di oṣù Keje ọdún 2004 kí Kano tó gba àjẹsára padà, èyí tí wọ́n sì gbà náà, láti Indonesia ni wọ́n ti gbé e wá. Láàárín àkókò yẹn àrùn náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ó gba òkun kọjá, nígbà tí ó sì di ọdún 2005 ó ti dé Indonesia kan náà. Ó di ọdún 2020 kí wọ́n tó kéde pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ irú kòkòrò àrùn náà tí ó wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ta ni ó lè ka iye ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn rọ, nítorí pé a mọ bí a ṣe ń po oògùn, a kò mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀?

Bákan náà ni ti Ebola, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 11,000 ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone láàárín ọdún 2014 sí 2016. Òkú wíwẹ̀ wà lára ohun tí ó ń tan àrùn náà kálẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní kí àwọn ènìyàn má fi ọwọ́ kan òkú mọ́. Àwọn ènìyàn sì ń gbé òkú pamọ́, wọ́n ń sin ín ní òru, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a sọ bàbá òun sínú ihò bí ẹran. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà tuntun jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ti Krístẹ́nì jọ dá sí. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún táyámọ́mù dípò omi fún òkú Mùsùlùmí, fún aṣọ ìsìnkú, àti fún àdúrà àwọn ẹbí. Ọ̀rọ̀ tí fìkíhì ti ní ìdáhùn sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni. Kí nìdí tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé inú ìwé àwọn oníṣègùn? Nítorí pé ẹni tí ó yẹ kí ó dúró láàárín àwọn méjèèjì, tí yóò gbọ́ èdè onítìbí tí yóò sì gbọ́ ti àlùfáà, kò pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í hù bí olú. Wọ́n ń fi owó kọ́ ọ ni.

Àwọn mìíràn a sọ pé, ṣebí gbogbo ènìyàn ni ó ń gbé inú àwùjọ, kí ni ó wá kù tí ènìyàn fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin? Ó dára. Kí wọ́n sọ iye ènìyàn tí ó wà ní Nàìjíríà. Ètò ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ni ti ọdún 2006, tí ó fún wa ní nǹkan bí mílíọ̀nù 140. Èyí tí wọ́n ti fi sí ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí a kà wá kẹ́yìn ti dàgbà tó ẹni tí ń wọ yunifásítì. Gbogbo iye tí àwọn olóṣèlú ń dá láti ìgbà náà, ìṣirò lórí ìṣirò ni. Ìmọ̀ tí wọ́n ní gbogbo ènìyàn ni ó ní yìí, orílẹ̀-èdè kò tíì ní i tó láti mọ iye ara rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í sì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Mùsùlùmí tàbí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní Tunis ní ọdún 1332, tí ó sì kú ní Cairo ní 1406, ni ó kọ ìwé Muqaddimah ní ọdún 1377, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé bí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ẹbí ṣe ń gbé ìjọba dìde àti bí ayé fàájì ṣe ń wó o lulẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn ará Yúróòpù tó fún irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tiwọn. Ní Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣọlá Akìwọwọ mú ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì, àjọbí àti àjọgbé, ó sì fi wọ́n ṣe òpó fún ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí yunifásítì náà tẹ̀ jáde ní ọdún 1983, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé òkèèrè sì jókòó jiyàn lé lórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògúnjẹ́, onímọ̀ jọ́gíráfì ní Ìbàdàn, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé, ní ọdún 1980. Ní 2017, ó gba ẹ̀bùn Vautrin Lud, tí kò sí ẹ̀bùn tí ó ga jù ú lọ nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé márùn-ún ni nígbà náà. Kí òǹkàwé fi ọwọ́ sí àyà rẹ̀: iye ilé-iṣẹ́ mélòó ní Nàìjíríà ni ó fi orúkọ rẹ̀ dá sikọ́láṣíìpù sílẹ̀ ní ọdún tí ó kú, 2022?

Ìtàn Arthur Lewis ni ó yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì gbogbo àwọn tí ó ń pín owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Ọmọ dúdú láti erékùṣù St Lucia ni. Ní ọdún 1932 ó gba sikọ́láṣíìpù ìjọba láti lọ sí yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnjiníà ni ó wù ú láti jẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá kọ́ ọ tán, ìjọba amúnisìn àti àwọn onílé-iṣẹ́ ṣúgà kò ní gba ẹnjiníà dúdú síṣẹ́. Sikọ́láṣíìpù náà kò sì pàṣẹ ohun tí ó gbọ́dọ̀ kọ́. Ó yí sí ẹ̀kọ́ òwò, láti ibẹ̀ ó bọ́ sínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé. Ní 1954 ó kọ àpilẹ̀kọ tí ó ṣàlàyé bí orílẹ̀-èdè tálákà tí iṣẹ́ àgbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ ṣe lè dìde. Ó ṣe olùdámọ̀ràn fún Ghana nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ní 1979 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Bí ìjọba St Lucia bá ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé ẹnjiníà nìkan ni kí ó wá gbà á, ibo ni ọmọ náà ìbá wà?

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀ràn náà ti burú jù kò sí lójú ìkéde. Inú iṣẹ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àwùjọ tí ó wà ní ọdún tí yóò fi jáde gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí. Kò ní ilé àyẹ̀wò tí yunifásítì kọ́ fún un. Ìgboro ni ilé àyẹ̀wò rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ìyálọ́jà Mushin ṣe ń dá èésú, tàbí ohun tí ó mú kí àwọn òbí kan ní Ìlọrin mú ọmọ wọn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ tẹ ìwé ìbéèrè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó gbọ́dọ̀ padà lọ nígbà méjì mẹ́ta nítorí pé ẹni tí ó ń tajà kò ní àyè àtijókòó. Ta ni ó ń sanwó ọkọ̀? Òun ni. Bí kò bá ní i ńkọ́? Gbogbo ẹni tí ó ti gba yunifásítì kọjá mọ ìdáhùn. Ọmọ náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò jókòó sínú yàrá, wọn yóò fi bírò oríṣiríṣi kún ìwé ìbéèrè náà fúnra wọn, wọn yóò sì pè é ní ìwádìí. Irọ́ ni, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni, kò sí ẹni tí yóò gbè é lẹ́yìn. Àmọ́ ẹni tí ó sọ pé ọmọ tálákà kò yẹ fún ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà owó ọkọ̀ àti owó ìtẹ̀wé, tí ó wá ń bínú lẹ́yìn náà pé ìwádìí yunifásítì kò ṣe é gbára lé, kí ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Irọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá yẹn a máa bá ọmọ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba.

Àwọn ará òkèèrè kò ṣe bí ẹni pé ìmọ̀ yìí kò níye lórí. Láti ọdún 2011 ni ìgbìmọ̀ ìwádìí ìmọ̀ àwùjọ kan ní New York, èyí tí owó rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ Carnegie Corporation wá, ti ń fún àwọn tí ó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè márùn-ún mìíràn ní Áfíríkà ní owó ìwádìí. Ọ̀ràn àlàáfíà, ààbò àti ìdàgbàsókè ni wọ́n yàn. Àǹfààní ńlá ni fún àwọn tí ó rí i gbà, kò sì sí ìdí láti bú ẹni tí ó ṣe ọ̀wọ̀ fún ni. Àmọ́ New York ni ó yan ìbéèrè náà. Claude Ake ti sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1979 pé ìmọ̀ àwùjọ tí ó ń ti ìlú òyìnbó wá a máa gbé ìjẹgàba pamọ́ sínú. CODESRIA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dakar ní 1973, ń gbìyànjú láti fún àwọn tí ó ń kọ àpilẹ̀kọ gboyè ní owó díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ọmọ Áfíríkà lè fi béèrè ìbéèrè tiwọn. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní Dakar kò lè bọ́ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní báyìí, wọn yóò sọ pé owó ẹ̀yá NELFUND ti wà. Òtítọ́ ni, ó sì yẹ kí a yìn ín níbi tí ìyìn ti tọ́ sí i: òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 kò ní èlé nínú, kò sì béèrè bóyá ẹ̀rọ ni ọmọ náà ń kọ́ tàbí ìṣèlú. Lórí èyí, ìjọba ṣe ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ láti ṣe. Ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Ọmọ ẹ̀rọ gba ẹ̀bùn, ọmọ ìmọ̀ àwùjọ gba gbèsè. Àwọn méjèèjì jọ jáde ní ọjọ́ kan náà, ọ̀kan ń rìn tayọ̀tayọ̀, èkejì ń wá ibi tí a ó ti máa yọ ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Ṣé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìdọ́gba?

Ní ti ẹ̀bùn tí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fúnra wọn ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tayọ ní ọjọ́ ìgboyè, ọ̀rọ̀ kúkúrú tó. Ẹni tí ó fi ₦500 lélẹ̀ lọ́dọọdún ní ọdún 1982 ṣe ẹ̀bùn gidi; nígbà náà ó ju dọ́là 500 lọ. Lónìí owó náà kò ra búrẹ́dì. Owó tí a gbé sí báńkì lásán ni òfò yìí ń jẹ. Àwọn baba ìgbàanì mọ ọgbọ́n tí ó sàn jù ú lọ: wàkáfù, ohun-ìní tí a yà sọ́tọ̀ tí a kò gbọdọ̀ tà, ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé tí owó ìyá rẹ̀ yóò máa bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ìran dé ìran. Báńkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù náà kò jìnnà sí ọgbọ́n yìí nínú ètò sikọ́láṣíìpù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983: ẹ̀yá tí kò ní èlé ni fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀bùn ni fún àwùjọ rẹ̀, nítorí pé àpò tí yóò kọ́ ọmọ mìíràn ni ẹni tí ó bá jáde yóò san án padà sí. Ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni òun náà kọ́kọ́ gbájú mọ́, kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún ètò ọrọ̀-ajé. Ó ṣe é ṣí sí i.

Ohun tí ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn olùfúnni kò pọ̀. Kí àjọ PTDF fi ọ̀rọ̀ ìṣàkóso tí ó wà nínú òfin rẹ̀ kọ́ àwọn tí yóò mọ ìlú tí epo wà nínú rẹ̀, kì í ṣe àwọn tí yóò ka owó rẹ̀ nìkan. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ogójì tí Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè sọ sínú ìkéde tí ń bọ̀, tàbí kí wọ́n jáwọ́ nínú fífi ìlànà náà ṣe bojúbojú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó ń ná mílíọ̀nù lórí aṣọ àti ìlù ní ọjọ́ àjọ̀dún ìlú kò nílò láti dúró de ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n yan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àwùjọ méjì lọ́dọọdún, kí wọ́n san owó ìwádìí wọn, kí wọ́n sì ní kí wọ́n ka gbogbo ilé tí ó wà ní ìlú náà, iye ọmọ tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, àti ibi tí àwọn aboyún ti ń bímọ. Nígbà tí wọ́n bá parí rẹ̀, kí wọ́n ka àbọ̀ rẹ̀ sétí ọba àti àwọn ìjòyè ní gbangba, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.